Kóòdù Tó Ń Yí Padà: Bí Ìkànnì Ṣe Ń Mọ Ẹni Tó Wá sí Kíláàsì

Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Nàìjíríà, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì kọ́ọ̀sì kan kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀. Òfin yìí ló sọ fífọwọ́ síwèé fún ọ̀rẹ́ tó ń sùn ní họ́sítẹ́lì di iṣẹ́. Nígbà tí QR code wá dé, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi fóònù yà kí ìkànnì lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn kan ní màgòmágó ti tán nìyẹn. Irọ́ ni. QR code kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni wà níbì kankan. Ọ̀rọ̀ lásán, bí àdírẹ́sì ìkànnì, tí wọ́n yà ní dúdú àti funfun ni. Bí olùkọ́ bá tẹ ẹyọ kan síwèé, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹnì kan á ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, orúkọ àwọn tí kò wá á sì ti wọlé kí olùkọ́ tó la ẹnu.

Kóòdù tó ń yí padà ló níṣẹ́ gidi í ṣe. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ kan tí ọjà ọrọọrún ná lè jókòó sílé kó ka gbogbo ọjọ́ tí yóò tún ná títí di àmọ́dún. Ẹni tó wà nílùú kejì, tó mọ ọjọ́ kan náà, á kà á bákan náà, láìjẹ́ pé wọ́n ránṣẹ́ síra wọn. Bẹ́ẹ̀ ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà wà lórí rẹ̀, àti kọ̀ǹpútà olùkọ́ ṣe ń ṣe. Àwọn méjèèjì á ka ìṣẹ́jú àáyá láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970, wọ́n á pín in ní ọgbọọgbọ̀n, wọ́n á po iye tó bá jáde mọ́ kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí àwọn nìkan mọ̀, nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́fà á sì jáde, tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá ọgbọọgbọ̀n. Òun ló wà nínú QR code tí olùkọ́ gbé sójú ògiri; fóònù akẹ́kọ̀ọ́ á fi í ránṣẹ́ sí sáfà, sáfà á sì wò ó bóyá ó bá tirẹ̀ mu. TOTP lorúkọ ìlànà yìí, ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní RFC 6238, ti ọdún 2011, ló ṣàlàyé rẹ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà olùkọ́ kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó gbé kóòdù tuntun sójú ògiri. Aago rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ṣìnà: bó bá fi ìṣẹ́jú méjì sáré, sáfà á kọ gbogbo kíláàsì.

Àwọn kan á wá dín ọgbọ̀n yẹn kù sí mẹ́wàá kí àyè má baà sí láti fi fọ́tò ránṣẹ́. Àṣìṣe ni. Nínú gbọ̀ngàn tí akẹ́kọ̀ọ́ 300 ti ń fa dátà lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ìwé kan lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣí. Kí sáfà gba kóòdù ìsinsìnyí àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ó tó. Aago tirẹ̀ ni kó sì gbà gbọ́, torí kò sẹ́ni tí kò lè yí aago fóònù.

Àwọn mìíràn á ní kí fóònù sọ ibi tó wà. Browser kì í sọ ọ́ àfi tí ìkànnì bá wà lórí HTTPS (ìsopọ̀ tí wọ́n dáàbò bò), tí akẹ́kọ̀ọ́ sì gbà. Ohun tó bá fi ránṣẹ́ á tún mú iye mítà tó lè fi ṣìnà dání. Nínú ilé oníkọnkéré, iye yìí lè ju 100 lọ, họ́sítẹ́lì ẹ̀yìn ọgbà á sì bọ́ sínú rẹ̀. Sáfà tí kò bá yẹ iye yìí wò lè lé ẹni tó jókòó níwájú, kó gba ẹni tó ń sùn. Lórí Android, ẹni tó bá ṣí developer options, ìyẹn ààyè ìṣètò tó wà fún àwọn tó ń ṣe áàpù, lè fi ibi èké síbẹ̀, ìkànnì ò sì ní mọ̀.

Nínú dátábéèsì, kí nọ́ńbà mátíríìkì kan má lè wọlé lẹ́ẹ̀méjì fún kíláàsì kan náà, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fà máa ń mú kí èèyàn tẹ bọ́tìnì léraléra. Bí mátíríìkì mẹ́ta bá gba orí fóònù kan wọlé, kí ètò náà sàmì sí wọn, kó má lé wọn: bátìrì ẹlòmíràn ti kú, ẹlòmíràn ò sì ní fóònù tó lè ka kóòdù. Ètò tó bá ń fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ torí pé kò ní fóònù burú ju ìwé tó rọ́pò lọ.

Ẹni tó bá fi fídíò tààrà han ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kóòdù náà, ìṣirò ò lè mú un. Orí ni kí olùkọ́ kà. Bí iye tó wọlé bá jẹ́ 214, tí orí inú gbọ̀ngàn ò ju 180 lọ, kó pa kóòdù, kó sì pe 20 orúkọ tí kọ̀ǹpútà bá ṣà fún un.