Ilé onítáyà l'Amẹ́ríkà: ṣé èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́?

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí mo ti sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi ní Kabba pé àbúrò mi tó wà ní Texas máa ń ra ilé onítáyà, á tún un ṣe, á sì tún un tà, ìbéèrè ò jẹ́ n sinmi mọ́. Ti Ìyàrà ń pè, ti Ìsánlú ń pè, ọmọ tàbí àbúrò tiwọn náà ló ní kí wọ́n wá dáwó sí i. Èmi ti bá àbúrò mi dáwó lẹ́ẹ̀mejì, mo jèrè lẹ́ẹ̀kan, mo pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, kí ni mobile home yìí gan-an, ṣé mọ́tò ni àbí ilé?

Ilé ni. Inú fáktrì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lórí irin gígùn tó ní táyà lábẹ́, lọ́rì á wá fà á lọ síbi tó máa dúró sí. Tó bá ti débẹ̀ wọ́n á gbé e lé búlọ́ọ̀kù, wọ́n á fi irin dè é mọ́lẹ̀ nítorí ìjì, wọ́n á bo abẹ́ ẹ̀ yíká, tẹ́ ẹ bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán ẹ ò ní mọ̀ pé ó ní táyà rí. Yàrá wà níbẹ̀, kíṣìnnì wà, balùwẹ̀ wà. Èyí tó dá wà ni wọ́n ń pè ní single-wide, tí wọ́n bá so méjì pọ̀ ó di double-wide.

Ọjọ́ kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ há sórí, ìyẹn June 15, 1976. Ọjọ́ yẹn ni òfin ìjọba àpapọ̀ wọn lórí bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ máa kọ́ ilé yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo èyí tí wọ́n kọ́ látìgbà náà ló ní irin pẹlẹbẹ pupa kékeré kan lára lóde. Àwọn tó ti wà ṣáájú ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ báńkì ò ní yáwó lé e lórí, ọ̀pọ̀ ọgbà tí wọ́n ń to irú ilé yìí sí ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wọlé. Tí wọ́n bá ní àwọn rí ọ̀kan lówó pọ́ọ́kú, ẹ kọ́kọ́ bèèrè irin pupa yẹn.

Ìbéèrè: Ilé tèmi ní Lọ́kọ́ja, ọdọọdún lowó ẹ̀ ń lọ sókè. Kí ló dé tí wọ́n ní ti wọn máa ń já wálẹ̀ bíi mọ́tò?

Ilẹ̀ ni. Ohun tó ń gbówó lórí ní Lọ́kọ́ja kì í ṣe búlọ́ọ̀kù yín, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ilé onítáyà sì rèé, inú ọgbà onílẹ̀ ló wà, ẹ ni ilé, ẹ ò ni ilẹ̀, ẹ ó sì máa sanwó ilẹ̀ lóṣooṣù, lot rent ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ ara mi ṣàlàyé ẹ̀. Mo ra kóńténà àlòkù nígbà kan, mo gbé e sórí ilẹ̀ ẹnì kan ní Kabba, mo kùn ún, mo lẹ táìlì sílẹ̀ ẹ̀, mo kan pákó sí i lára yíká fún ọjà prófísọ̀n. Ọdún kẹta, onílẹ̀ wá bá mi láàárọ̀, ó ní ọmọ òun fẹ́ kọ́lé síbẹ̀, kí n palẹ̀ mọ́ kóṣù tó parí. Mo ní kò burú, ṣebí kóńténà tèmi ni, màá gbé e. Ìgbà tí mo wá bèèrè owó kréènì àti lọ́rì ni mo jókòó sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí mo fi rà á. Mo ní kí n kúkú tà á, àwọn tó wá rà á ti gbọ́ pé mi ò ríbi gbé e sí, owó irin àlòkù ni wọ́n ń dá. Mo wá sanwó kréènì. Bó ṣe gbé e sókè báyìí, mò ń gbọ́ táìlì tí mo fọwọ́ ara mi lẹ̀ tó ń ya nínú ẹ̀, kà, kà, kà, àyà mi sì ń já lẹ́yọ lẹ́yọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́hùn-ún. Láti fa single-wide kan kúrò nínú ọgbà kan lọ sí òmíì lè gba dọ́là 5,000 sí 10,000, double-wide ju bẹ́ẹ̀ lọ. Táyà wà lábẹ́ ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ilé yẹn ò rìn mọ́, onílẹ̀ náà sì mọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fowó kún owó ilẹ̀ táwọn èèyàn ò lè ṣe nǹkan kan.

Ìbéèrè: Níbo lèrè ti wá ń wá nígbà yẹn?

Látinú bẹ́ ẹ ṣe rà á. Ẹni tíṣẹ́ gbé lọ sílùú míì, ẹni tí ìyá ẹ̀ kú tó fi ilé sílẹ̀ tówó ilẹ̀ sì ń gun orí ara wọn, irú wọn ló ń tà á ní pọ́ọ́kú. Ẹ ó tún un ṣe, ẹ ó tà á. Àwọn àgbà inú òwò yìí tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń tà á ní díẹ̀díẹ̀, kẹ́ni tó rà á máa san án lóṣooṣù pẹ̀lú èlé, ibẹ̀ gan-an lowó ńlá wà. Àmọ́ látìgbà tí wàhálà báńkì ti 2008 ti ṣẹlẹ̀, tí wọ́n ṣòfin lórí yíyá èèyàn lówó ilé, tó fi mọ́ ti 2010, ó lè gba láísẹ́ńsì kéèyàn tó lè ṣe é, ẹ ní kí ọmọ yín kọ́kọ́ rí lọ́yà. Ilé iṣẹ́ Warren Buffett, gbajúmọ̀ olówó Amẹ́ríkà yẹn, ra Clayton Homes lọ́dún 2003, Clayton ń kọ́ ilé yìí, ó sì tún ní ẹ̀ka tó ń yá àwọn tó ń rà á lówó, ẹ ò rí i pé wọ́n mọ ibi tówó gbà.

Ohun tó jẹ́ n pàdánù rèé. Onílẹ̀ ló máa fọwọ́ sí ẹni tẹ́ ẹ bá tà á fún kó tó lè máa gbé inú ọgbà ẹ̀. Ilé kejì tá a rà, a tún un ṣe, ó dáa, ẹni méjì sì ti mówó wá, onílẹ̀ lé àwọn méjèèjì. Oṣù méje la fi ń san owó ilẹ̀ lórí ilé tó ṣófo, oṣù keje ni gbogbo èrè ti wọlé sínú owó ilẹ̀ tán, tó wá ń jẹ owó tá a fi rà á.

Ìbéèrè: Kí ni kí wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n bá débẹ̀?

Ẹ má wo ọ̀dà o! Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Àbúrò mi pè mí lórí fídíò látinú ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ ń dán, mo ní ó yá wọ balùwẹ̀, fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ yẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀ rì, mo rí i bí kápẹ́ẹ̀tì ṣe tẹ̀ wọlé bí ìgbà téèyàn fọwọ́ tẹ ẹ̀bà gbígbóná. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ yẹn kì í ṣe pákó gidi ló wà nílẹ̀, ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n fi gúlù lẹ̀ pọ̀ ni, tómi bá ti kàn án á wú, á sì jẹrà. Kí wọ́n wo òrùlé, kí wọ́n wọ abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n wo páìpù náà, àwọn tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bíi 1978 sí 1995 sábà máa ń ní páìpù aláwọ̀ eérú kan tó máa ń ya lójijì.

Ìbéèrè: Pépà ńkọ́?

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ pépà ẹ̀ dà bíi ti mọ́tò. Ní Texas, Statement of Ownership ni wọ́n ń pè é, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ilé ló ń fúnni. Kí wọ́n rí i dájú pé kò sí gbèsè báńkì tàbí owó orí lórí ẹ̀, torí ẹni tó rà á ni gbèsè máa bá.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ní kí n ta ilẹ̀ mi ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ kí n fi dáwó sí i.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Kéèyàn ta ilẹ̀ kó lọ ra ilé tí ò nílẹ̀, mi ò lè bá yín lọ́wọ́ sí i. Tówó míì bá wà nílẹ̀ tí ò ní dí oúnjẹ lọ́wọ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi fọ́tò irin pupa ránṣẹ́, kó fi pépà ilé ránṣẹ́, kó sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ onílẹ̀ pé ó lè tà á nínú ọgbà náà, kí iye owó ilẹ̀ wà nínú ẹ̀. Àbúrò mi náà ti rí ìkẹta báyìí, fọ́tò ti dé, pépà ti dé, lẹ́tà ló kù. Ó pè mí lálẹ́ àná pé ẹlòmíì fẹ́ rà á mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ní kó jẹ́ kó rà á.