Ìjákulẹ̀ àwọn olùdìbò àti ìbínú àwọn òṣìṣẹ́ ní àfonífojì Mahoning

Àfonífojì Mahoning wà ní àríwá-ìlà-oòrùn Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, nítòsí ààlà Pennsylvania. Youngstown ló tóbi jù nínú àwọn ìlú ibẹ̀. Warren, Campbell, Struthers, Niles àti Lordstown wà lára àwọn tó kù. Irin ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún, ẹgbẹ́ òṣèlú Democratic sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé òṣìṣẹ́ ń dìbò fún láti ayé Ààrẹ Franklin Roosevelt. Nígbà tó fi máa di ọdún 2020, iṣẹ́ irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, ìbò sì ti yí sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú Republican.

Agbègbè yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń ṣàlàyé ìdí tí òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà fi ń bínú sí àwọn tó ń ṣèjọba. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ìbínú náà kò bẹ̀rẹ̀ nídìí àpótí ìbò. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kówó jọ, wọ́n ti bẹ ìjọba, wọ́n ti pe ẹjọ́, wọ́n sì ti wọ ọ́fíìsì ọ̀gá wọn lọ jókòó. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ já sí asán ni ìjákulẹ̀ ọ̀hún fìdí múlẹ̀.

Ìlú irin

Ọdún 1900 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ Youngstown Sheet and Tube sílẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ U.S. Steel àti Republic Steel náà ní ìléru ńláńlá létí odò Mahoning. Àwọn òṣìṣẹ́ wá láti Ítálì, Slovakia, Poland àti Croatia. Àwọn aláwọ̀ dúdú gbéra láti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn ará Puerto Rico náà sì dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Nǹkan bí 170,000 èèyàn ló ń gbé Youngstown ní 1930.

Owó tó dára kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà ìyanṣẹ́lódì ọdún 1937, tí àwọn iléeṣẹ́ kọ̀ láti bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dúnàá-dúrà, èèyàn kú ní Youngstown. Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ irin fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, ẹni tí kò lọ sí yunifásítì lè fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ra ilé, kó rán ọmọ níléèwé, kó sì rí owó ìfẹ̀yìntì gbà.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló pín in dọ́gba. Ibi tí ooru ti pọ̀ jù tí ewu sì ti ga jù ni wọ́n máa ń fi àwọn aláwọ̀ dúdú sí. Ní 1974, àwọn iléeṣẹ́ irin mẹ́sàn-án àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn níwájú ilé ẹjọ́ pé ìyàsọ́tọ̀ náà yóò dópin. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà ni ìléru bẹ̀rẹ̀ sí í kú, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ipò tó sàn. Kò yẹ kí a gbàgbé èyí bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìbínú òṣìṣẹ́ bí ẹni pé ti àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni.

Ọjọ́ Ajé Dúdú

Ní 1969, iléeṣẹ́ Lykes, tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù láti New Orleans, ra Youngstown Sheet and Tube bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó rà tóbi jù ú lọ. Ẹ̀yáwó ló fi rà á. Owó tó yẹ kí wọ́n fi tún ẹ̀rọ ògbólógbòó ṣe kò tó nǹkan, irin láti Japan àti Jámánì sì ń wọlé ní owó pọ́ọ́kú. Odò Mahoning kò jìn tó fún ọkọ̀ ńlá láti gbé ẹrù gbà, nítorí náà ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n fi ń kó àwọn ohun èlò wọlé.

Ní ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977, wọ́n kéde pé iléeṣẹ́ tó wà ní Campbell yóò tì. Nǹkan bí 5,000 èèyàn ni iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ Ajé Dúdú ni àwọn ará ìlú ń pe ọjọ́ náà títí di òní. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1979, U.S. Steel kéde pé òun náà yóò ti àwọn iléeṣẹ́ òun ní Youngstown àti McDonald.

Àwọn aṣáájú ẹ̀sìn, tí bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì James Malone wà lára wọn, kó ara wọn jọ láti gba iléeṣẹ́ Campbell lọ́wọ́ Lykes kí ó lè di ti àwọn òṣìṣẹ́ àti ará ìlú. Àwọn èèyàn ṣí àkáǹtì ní báńkì, wọ́n sì fi owó ara wọn síbẹ̀ láti fi hàn pé àwọn kò ṣeré. Wọ́n bẹ ìjọba Ààrẹ Jimmy Carter pé kó ṣe onídùúró fún ẹ̀yáwó tí wọ́n nílò. Ìjọba kọ̀ ní 1979. Democrat ni Carter, ìbò àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí sì wà lára ohun tó gbé e wọlé.

Ní oṣù Kíní ọdún 1980, àwọn òṣìṣẹ́ U.S. Steel wọ ilé tí àwọn ọ̀gá ń lò ní Youngstown, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Wọ́n tún gbé iléeṣẹ́ náà lọ sí kóòtù. Adájọ́ Thomas Lambros sọ pé ó dà bí ẹni pé àjọṣe ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti fún ìlú ní ẹ̀tọ́ kan lórí iléeṣẹ́ tó ń bọ́ ọ. Nígbà tó wá dájọ́, ó ní òfin Amẹ́ríkà kò mọ irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fara mọ́ ọn. Ní 1982, wọ́n fi bọ́ǹbù wó àwọn ìléru Ohio Works ti U.S. Steel lulẹ̀.

Ohun kan tó jáde látinú irú ìpọ́njú báyìí káàkiri orílẹ̀-èdè náà ni òfin ọdún 1988 tó ní kí iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wọn ní ìkìlọ̀ 60 ọjọ́ kó tó tì. Ìkìlọ̀ nìkan ni. Kò ní kí wọ́n má tì.

James Traficant

Ta ni ìlú máa gbà gbọ́ lẹ́yìn èyí? Fún nǹkan bí ogún ọdún, James Traficant ni. Ní 1983, nígbà tó jẹ́ ṣẹ́rífù (ọ̀gá àwọn agbófinró) kántì Mahoning, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tí Youngstown wà, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kó ta ilé àwọn tí kò rí owó ilé san ní gbàǹjo. Ó kọ̀, nítorí àìníṣẹ́ ló sọ wọ́n di onígbèsè, adájọ́ sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọjọ́ díẹ̀. Lọ́dún kan náà, ó jẹ́jọ́ lórí ẹ̀sùn tí ìjọba àpapọ̀ fi kàn án pé ó gba owó lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn. Kì í ṣe lọ́yà, síbẹ̀ ó rojọ́ fúnra rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ní 1984, wọ́n dìbò yàn án sí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Washington.

Ní 2002, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ẹ̀sùn 10, tí rìbá gbígbà wà lára wọn. Ilé Aṣojú-ṣòfin lé e jáde pẹ̀lú ìbò 420 sí 1. Ó díje láti inú ẹ̀wọ̀n ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò sì tún dìbò fún un. Rìbá tó gbà pa ìlú rẹ̀ lára, kò sí àní-àní níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò ta ilé rẹ̀ mọ́ ọn lórí ní 1983 kò ní tètè gbàgbé.

Òwò òkèèrè àti Lordstown

Àdéhùn òwò pẹ̀lú Mẹ́síkò àti Kánádà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù Kíní ọdún 1994 lábẹ́ Ààrẹ Bill Clinton. Ní 2001, China wọ Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ méjèèjì ló ti ìlànà wọ̀nyí lẹ́yìn, èyí sì mú kó ṣòro fún olùdìbò láti mọ ẹni tí ì bá fìbò jẹ níyà. Iye òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà jáde ní Amẹ́ríkà já láti nǹkan bí mílíọ̀nù 17 ní 2000 sí mílíọ̀nù 11.5 ní 2010. Ní Warren, iléeṣẹ́ Delphi, tó ń ṣe wáyà ọkọ̀, tó sì jẹ́ ti General Motors tẹ́lẹ̀, kéde ní 2005 pé òun ti wọ gbèsè. Nígbà tí ìjọba Ààrẹ Barack Obama yọ General Motors nínú gbèsè ní 2009, owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Delphi pé, wọ́n sì gé ti ọ̀pọ̀ àwọn akẹgbẹ́ wọn tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Ìrànwọ́ ọdún 2009 yẹn náà ló jẹ́ kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ General Motors ní Lordstown, tí wọ́n ṣí ní 1966, ṣì wà. Ní oṣù Keje ọdún 2017, Ààrẹ Donald Trump wá sí Youngstown, ó ní iṣẹ́ ń padà bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ta ilé rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, ọkọ̀ Chevrolet Cruze tó kẹ́yìn jáde, Lordstown sì tì. Iléeṣẹ́ tuntun kan, Lordstown Motors, ra ibẹ̀ láti ṣe ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná. Òun náà wọ gbèsè ní 2023. Ìwé ìròyìn Vindicator, tó ti ń jáde ní Youngstown fún 150 ọdún, dáwọ́ dúró ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019.

Ìbò

Ní 2012, Obama gba ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò kántì Mahoning. Ní ìdìbò abẹ́lé ọdún 2016, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Democrat ibẹ̀ bọ́ sí ọ̀dọ̀ Republican. Alága ẹgbẹ́ Democratic ní kántì náà, David Betras, kọ̀wé sí àwọn tó ń polongo ìbò fún Hillary Clinton ní oṣù Karùn-ún pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni kí wọ́n bá àwọn èèyàn òun sọ. Ní oṣù Kọkànlá, ìdá mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ni Clinton fi borí ní Mahoning, Trump sì gba kántì Trumbull, níbi tí Warren wà. Ní 2020, Trump gba Mahoning. Láti ìgbà Richard Nixon ní 1972, kò sí Republican tó gbà á rí nínú ìdìbò ààrẹ. Ní 2024, ìbò rẹ̀ níbẹ̀ tún lé sí i, Sherrod Brown, sẹ́nétọ̀ Democrat tó ti ń tako àwọn àdéhùn òwò náà láti ọdún pípẹ́, sì pàdánù ipò rẹ̀.

Àwọn tó jókòó sílé ṣe pàtàkì bí àwọn tó yí ẹgbẹ́ padà. Kò gba ariwo, nítorí náà wọn kì í kọ ọ́ sínú ìròyìn tó bẹ́ẹ̀. Káàkiri Amẹ́ríkà, ìdá àwọn aláwọ̀ dúdú tó dìbò já láti 66.6 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2012 sí 59.6 ní 2016. Lọ́dún náà, ìbò tí Trump fi ju Clinton lọ ní Michigan, Wisconsin àti Pennsylvania lápapọ̀ kò tó 80,000. Nǹkan bí 60,000 èèyàn ló kù ní Youngstown ní 2020, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Àríyànjiyàn

Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí okùnfà rẹ̀. Onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé David Autor àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àwọn ibi tí ọjà China ti gba iṣẹ́ jù ni ìbò ti yí jù. Diana Mutz, onímọ̀ òṣèlú, ní ìbẹ̀rù pípàdánù ipò láwùjọ ló ṣàlàyé ìbò 2016 ju àìrówó lọ. Àwọn mìíràn di ẹ̀bi náà ru ìkórìíra ẹ̀yà àti ọ̀rọ̀ àwọn àlejò tó ń wọlé. Yunifásítì Youngstown State dá ibùdó sílẹ̀ fún ìwádìí lórí ìgbésí ayé òṣìṣẹ́, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà. John Russo àti Sherry Linkon, tó darí rẹ̀, tẹnu mọ́ ọn pé àdánù iṣẹ́ kì í tán lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ bá tì. Ó ń bá àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ lọ.

Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò fi hàn pé àwọn èèyàn wọ̀nyí kọ ohun tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dúró fún. Ní 2006, àwọn olùdìbò Ohio fi àtúnṣe sínú òfin ìpínlẹ̀ wọn pé kí owó iṣẹ́ tó kéré jù máa gòkè bí ọjà bá ń gbówó lórí. Ní 2011, nígbà tí Gómìnà John Kasich buwọ́ lu òfin tó gba ọ̀pọ̀ ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n fìbò fagi lé e pẹ̀lú ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìpínlẹ̀ yẹn kan náà ló dìbò fún Trump lẹ́ẹ̀mẹta. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ bátìrì Ultium, tí General Motors bá iléeṣẹ́ South Korea kan kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Lordstown, dìbò lórí bóyá kí wọ́n wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀, UAW. Dọ́là 16.50 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ fún wákàtí kan. Àwọn 710 ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn 16 ló kọ̀.