Ọrọ́ kì í ṣe cactus: ìbéèrè àti ìdáhùn láti ibi ìpàtẹ wa ní Àkúrẹ́

Àwa díẹ̀ kan wà ní Àkúrẹ́ tí a fẹ́ràn àwọn ewéko tó ń fi omi pamọ́ sínú ara wọn, àwọn tí ayé ń pè ní cactus àti succulent. Sátidé kan lóṣù la máa ń pàdé lẹ́yìnkùlé ọ̀kan nínú wa ní Ìjàpọ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, a ó to ìkòkò wa sórí tábìlì lábẹ́ kánópì kí àwọn ará ìlú wá wò ó. Lọ́dún tó kọjá, èmi ni wọ́n fi sídìí tábìlì láti máa dáhùn ìbéèrè. Mo kọ àwọn ìbéèrè náà sílẹ̀, torí àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé mo ní láti délé lọ kàwé kí n tó rí ìdáhùn gidi.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ẹ gbé ọrọ́ mi kúrò lórí tábìlì cactus? Ṣé torí pé ilẹ̀ wa níbí ló ti hù ni?

Bàbá kan láti Òkè-Àró ló bi mí bẹ́ẹ̀, inú wọn ò sì dùn. Bàbá tó bí wọn ló gbin ọrọ́ náà sí ààlà oko nígbà ayé rẹ̀. Wọ́n gé ẹ̀ka kan níbẹ̀, wọ́n gbìn ín sínú ìkòkò amọ̀, wọ́n sì nu ìkòkò náà títí ó fi ń dán. Mi ò rí àléébù kan lára rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní kì í ṣe pé ohun tiwa kò tó ti òkèèrè. Ìdílé wọn ló yàtọ̀. Euphorbia ni ọrọ́ wa, ẹbí ẹ̀gẹ́, lápálàpá àti igi rọ́bà ni. Ìdílé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni cactus, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló sì ti ṣẹ̀, láti Kánádà títí dé ìsàlẹ̀ Ajẹntínà. Níbi ìdíje, tí ẹ bá gbé ewéko sí ìsọ̀rí tí kì í ṣe tirẹ̀, adájọ́ kò ní fún un ní máàkì kankan, bó ti wù kó rẹwà tó. Mi ò fẹ́ kí irú ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí ọrọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo lèèyàn ṣe lè fi ojú lásán dá wọn mọ̀?

Ẹ wo ìdí ẹ̀gún. Lára cactus, gbogbo ibi tí ẹ̀gún bá ti yọ ló ní tìmùtìmù kékeré kan, bíi pé ẹnìkan bu òwú bíńtín lẹ̀ mọ́ ọn. Orí tìmùtìmù yẹn ni ẹ̀gún ti ń jáde, níbẹ̀ náà ni òdòdó àti ẹ̀ka tuntun ti ń yọ. Kò sí ìdílé ewéko mìíràn tó ní in. Lára ọrọ́ ní tirẹ̀, méjì-méjì ni ẹ̀gún máa ń yọ, orí èépá líle kan ni wọ́n dúró lé, kò sí òwú kankan níbẹ̀.

Mo fún bàbá ní gíláàsì tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n wo cactus kan pẹ́ títí, wọ́n padà wo ọrọ́ tiwọn, wọ́n tún padà sọ́dọ̀ cactus. Wọ́n wá ní, “Háà! Ẹ̀gún èyí ní àga tó jókòó lé.” Láti ọjọ́ náà, “àga ẹ̀gún” la ń pè é nínú ẹgbẹ́ wa.

Àwọn kan á ní kí ẹ gé e díẹ̀, pé tí oje funfun bá ti jáde, ọrọ́ ni. Òótọ́ ni pé oje ọrọ́ funfun bíi wàrà, ṣùgbọ́n àwọn cactus mélòó kan wà tó ní oje funfun náà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, oje ọrọ́ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Ó lè fọ́ ojú. Ó le débi pé àwọn apẹja àtijọ́ ń fi oje irú rẹ̀ sódò kí ẹja lè dákú. Tó bá ta sí yín lójú, omi tó mọ́, tó pọ̀, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Ìbéèrè: Ṣé kò wá sí cactus kankan rárá tó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà?

Ẹyọ kan ṣoṣo wà, Rhipsalis baccifera lorúkọ rẹ̀. Ó wà ní Amẹ́ríkà, ó sì wà nínú igbó Áfíríkà títí dé Sri Lanka. Ẹ ò ní gbà pé cactus ni tí ẹ bá rí i: kò ní ẹ̀gún tí ojú ń rí tó bá ti dàgbà, ó kàn rọ̀ dòòrò lórí igi bí òwú tí wọ́n sá, ó ń so èso funfun róbótó-róbótó. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á pè é ní àfòmọ́, ṣùgbọ́n kì í fa oúnjẹ mu lára igi bí àfòmọ́ ti ń ṣe. Ó kàn gbé orí rẹ̀ ni. Bó ṣe ré òkun kọjá ṣì ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn onímọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ẹyẹ ló gbé èso rẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n ní òǹgbẹ kì í pa cactus. Kí ló wá pa tèmi?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù. Ìyá kan ra cactus roboto kan bọ̀ láti Èkó. Ilẹ̀ dúdú ni wọ́n gbìn ín sí, wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bu omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ara rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ lójú, àfi ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan ìdí rẹ̀ tí ìka wọn sì wọlé ṣìn-ìn bí ẹni tẹ ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù.

Jíjẹrà ni, láti gbòǹgbò wá. Gbòǹgbò àwọn ewéko yìí nílò afẹ́fẹ́ bó ṣe nílò omi. Ilẹ̀ amọ̀ wa ní Àkúrẹ́ tí òjò bá ti rọ̀ sí i, á lẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ ò ní rí ọ̀nà wọlé, ohun tó ń mú nǹkan jẹrà á sì gbilẹ̀. Ẹ tún ro iye òjò. Òjò tó ń rọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́dún ju mílímítà 1,300 lọ. Ní aṣálẹ̀ Sonora, níbi tí àwọn cactus gígùn gbàǹgbà inú fọ́tò ti ń hù, ní agbègbè ìlú Tucson ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 300 péré ni. Ẹni tó gbé e dé ibí, tó tún ń bomi sí i lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ńṣe ló rì í sínú odò.

Ohun tí à ń lò nìyí. Yanrìn odò tó ní hóró ńlá, tí a ti fọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kì í ṣe eruku rẹ̀, torí eruku máa ń dì bíi sìmẹ́ńtì. Èédú tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ilẹ̀ abẹ́ ewé jíjẹrà, ìwọ̀nba díẹ̀. Ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò nídìí. Ìkòkò amọ̀ dára gan-an torí ara rẹ̀ náà ń mí. Tí òjò bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé wọn sábẹ́ páànù oníke tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Oòrùn ni kí wọ́n rí, kí wọ́n má rí òjò.

Èyí tó bá ti ń rà, tí òkè rẹ̀ ṣì le, ẹ fi ọ̀bẹ mímọ́ gé e. Ẹ máa gé e lọ sókè títí inú rẹ̀ yóò fi funfun láìsí àmì pupa kankan. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ibòji fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ojú egbò gbẹ, kí ẹ tó gbé e lé yanrìn gbígbẹ. Ti ìyá yẹn yè bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e wá hàn mí ní oṣù kejì ọdún yìí, ó ti ta gbòǹgbò funfun mẹ́rin.

Ìbéèrè: Ìgbà wo wá ni ká bomi sí i?

Ẹ fi igi súyà kan gún ilẹ̀ ìkòkò dé ìsàlẹ̀, ẹ yọ ọ́. Tí ilẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má bomi. Tó bá jáde ní gbígbẹ, ẹ bomi sí i dáadáa títí yóò fi ṣàn jáde nídìí, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ní wọ́n kọ́ òun níléèwé pé òru ni cactus ń mí. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ẹ sì lè fi ahọ́n yín dán an wò. Ewé máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ tó fi ń fa afẹ́fẹ́ tó ń fi ṣe oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ewéko ń ṣí ihò yìí lọ́sàn-án, omi ara wọn sì ń gba ibẹ̀ lọ bí oòrùn ti ń ran. Cactus àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi omi pamọ́ ti ihò wọn pa lọ́sàn-án. Òru ni wọ́n ń ṣí i, nígbà tí ilẹ̀ bá ti tutù. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ náà sínú, wọ́n á sọ ọ́ di omi kíkan, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ di àárọ̀. Tí oòrùn bá yọ, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á wá máa fi èyí tí wọ́n tọ́jú ṣe oúnjẹ.

Àbámọdá ẹ̀yìn ilé wa ló kọ́kọ́ tú àṣírí yìí. Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko kan tó ń gbé ní Íńdíà nígbà náà, jẹ ewé rẹ̀ láàárọ̀, ó kan. Ó jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kò ní adùn kankan. Nírọ̀lẹ́, ó korò díẹ̀. Ó kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ ránṣẹ́ sí Linnean Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ewéko àti ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1815. Èmi náà dán an wò. Mo jí ní aago mẹ́fà, mo já ewé àbámọdá kan, mo fi eyín tẹ̀ ẹ́, mo sì tu ú dànù: ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ní aago méjì ọ̀sán, mo já òmíràn lára igi kan náà. Kíkan yẹn ti lọ pátápátá, ó kù bí ẹni jẹ koríko. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi kí òun náà wá tọ́ ọ wò. Ìdílé tí àbámọdá àti odúndún wà ni àwọn onímọ̀ fi sọ ìṣe yìí lórúkọ. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí la ti rí ìdí tí àwọn kan kì í fi í ṣe dáadáa lọ́dọ̀ wa. Òru tó tutù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, òru Àkúrẹ́ sì máa ń móoru, àyàfi nígbà ọyẹ́. Àwọn tó ti orí òkè tútù ilẹ̀ Mẹ́síkò wá máa ń rẹ̀ wẹ̀sì, bẹ́ẹ̀ náà ni Lithops, èyí tó jọ òkúta, tó ti gúúsù Áfíríkà wá. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, kó mú irú cactus bíi Opuntia, Cereus tàbí èyí tó ń so èso dragon fruit.

Ìbéèrè: Kí ni adájọ́ ń wò gan-an?

Ìlera ni àkọ́kọ́. Kò gbọdọ̀ sí àpá, ẹ̀gún kò gbọdọ̀ kán, kòkòrò kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Èyí tó ń dààmú wa jù ni kòkòrò funfun tó jọ òwú, tó ń sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ara rẹ̀; òwú tí a rẹ sínú sípíríìtì la fi ń pa á, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á wò ó bóyá ó dàgbà dáadáa fún irú rẹ̀. Cactus tó máa ń ṣòro tọ́jú, tó kéré, lè borí èyí tó tóbi tí ẹnikẹ́ni lè gbìn. Wọ́n á wo orúkọ tí ẹ kọ sí i bóyá ó tọ̀nà. Ìwọ̀n ẹnu ìkòkò ni wọ́n fi ń pín ìsọ̀rí ní ọ̀pọ̀ ìdíje òkèèrè, nítorí náà ìkòkò tó fi díẹ̀ tóbi jù lè lé yín jáde.

A ò dá ìlànà tiwa sílẹ̀ fúnra wa. Ẹgbẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn cactus ti wà láti 1929, ti àwọn ará Bìrìtìkó ti ọdún 1983 ni. Ọ̀dọ̀ wọn la ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú ìlànà wọn ni pé ewéko náà gbọ́dọ̀ ti pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ yín, oṣù mẹ́fà ní àwọn ibi kan. Ẹ ò lè lọ rà á lánàá kí ẹ wá fi gba ẹ̀bùn lónìí.

Ní ọ̀sẹ̀ ìpàtẹ, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi gbọn eruku ara rẹ̀. Ẹ yọ ewé gbígbẹ. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ sójú ilẹ̀ ìkòkò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òróró pa á kó lè dán. Adájọ́ á mọ̀, ewéko náà ò sì ní lè mí dáadáa. Tí ẹ bá ń gbé e bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kí ẹ fi wé e.

Ìbéèrè: Ẹ̀gún wẹ́wẹ́ bí irun wọ̀ mí lọ́wọ́ lára Opuntia. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ má fi ẹnu fà á. Sẹ́lótéèpù ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ fà á kúrò. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ṣé kó di cactus sínú báàgì bọ̀ fún mi?

Rárá o. Gbogbo ìdílé cactus, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀, ló wà lábẹ́ àdéhùn CITES ti 1973 tó ń ṣọ́ káràkátà ewéko àti ẹranko igbó, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ ní láti wà, àti ìwé tó fi hàn pé kò gbé àrùn. Àwọn tó ń jí wọn hú nínú aṣálẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn kan run. Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀ka la máa ń gé fún ara wa, ọ̀fẹ́ ni.

Ìbéèrè: Tí mi ò bá ní cactus ńkọ́? Ṣé mo lè mú àbámọdá wá?

Ẹ mú un wá. Ọ̀rọ̀ bàbá Òkè-Àró wọ̀ wá lára. A ti pinnu pé tábìlì kan máa wà lọ́dún yìí fún àwọn tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa nìkan: ọrọ́, odúndún, àbámọdá, ọ̀já ìkookò, ahọ́n erin. Ìlànà kan náà ni a ó fi wò wọ́n. Orúkọ Yorùbá la ó kọ sókè gàdàgbà, orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é á wà nísàlẹ̀. Bàbá náà ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n ní ọrọ́ náà ti yọ ẹ̀ka tuntun méjì, àwọn sì ti ń yí ìkòkò rẹ̀ sí oòrùn lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ kó má baà tẹ̀ sápá kan.