Ìràwọ̀ ni mo wá kọ́, kí ni bọ́ọ̀lù òjé ń ṣe níbẹ̀?

Ìbéèrè: Físíìsì àti ìmọ̀ ìràwọ̀ ni mo wọ yunifásítì láti kọ́. Ọdún kìíní ti ń parí lọ, ìṣirò, péńdúlọ́ọ̀mù (ohun tí a so kọ́ tó ń fì síwá sẹ́yìn) àti kọ̀ǹpútà nìkan la ṣì ń rí. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ìràwọ̀ fẹ́ dé?

Ìdáhùn: Ó ti dé, o kò dá a mọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó lè bu díẹ̀ lára ìràwọ̀ wá sínú yàrá ìwádìí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń rán sí wa, òfin tí a sì ti dán wò nínú ilé la fi ń túmọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà.

Wo oòrùn. Ní kìlógíráàmù, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 2 tí òdo 30 tẹ̀ lé. Ta ló gbé e sórí òṣùwọ̀n? A mọ bó ṣe jìnnà sí ayé tó, nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà; a sì mọ̀ pé ọdún kan layé fi ń yí i po. Ìlànà tí Newton gbé jáde ní 1687 la fi ń ti ibẹ̀ mọ bí òòfà oòrùn, ìyẹn agbára tó fi ń fa ayé mọ́ra, ṣe lágbára tó. Ṣùgbọ́n òòfà yẹn kò lè di kìlógíráàmù àyàfi tí a bá mọ G, nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan méjì tí a mọ ìwọ̀n wọn ṣe ń fa ara wọn tó.

Inú ilé ni wọ́n ti rí i. Ní 1798, Henry Cavendish, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, gbé èsì ìwádìí rẹ̀ jáde. Ó ti fi wáyà tín-ín-rín gbé ọ̀pá kan kọ́, bọ́ọ̀lù òjé kékeré kan wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Ó sún bọ́ọ̀lù òjé ńlá méjì mọ́ wọn, ọ̀pá náà sì yí, díẹ̀ báyìí. Ìta yàrá ló ti ń fi awò awọ̀nàjíjìn wo inú rẹ̀, kí ooru má baà ru atẹ́gùn ibẹ̀ sókè. (Ìwọ ń wá awò tí o máa fi wo ọ̀run, òun, yàrá ara rẹ̀ ló fi ń wò.) Ayé gan-an ló fẹ́ wọ̀n, àmọ́ inú èsì rẹ̀ la ti yọ G. Péńdúlọ́ọ̀mù tó ń sú ọ yẹn, irú iṣẹ́ kan náà ni.

Ìbéèrè: Ìwọ̀n yé mi. Ohun tó wà nínú ìràwọ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ní 1835, Auguste Comte, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Faransé, ní ẹ̀dá kò ní mọ̀ ọ́n láé. Ní 1859, Kirchhoff àti Bunsen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Jámánì, já a nírọ́: tí a bá pín ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ àwọ̀, èròjà kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tirẹ̀ níbẹ̀.

Síbẹ̀, rírí ìlà kọ́ ni mímọ iye. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi rò pé bí èròjà ṣe pọ̀ sí nínú ayé náà ló ṣe pọ̀ sí nínú oòrùn. Àwòrán ìlà ìràwọ̀ ti kún ilẹ̀ ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà nígbà tí Cecilia Payne, onímọ̀ ìràwọ̀, débẹ̀. Ohun tó fi kún un ni ìṣirò tí Meghnad Saha ará Íńdíà gbé jáde ní 1920, nípa bí ooru ṣe ń já elẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù, ohun tó ń yí bí ìlà èròjà ṣe hàn tó padà. Ìwé oyè ọ̀mọ̀wé Payne ní 1925 fi hàn pé háídírójìn ló pọ̀ jù nínú ìràwọ̀. Ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ náà, Henry Norris Russell, ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ní 1929, òun náà gbà. Awò tuntun kọ́ ni Payne fi rí i.

Ìbéèrè: Ìṣirò wo ni kí n mú ní ọ̀kúnkúndùn?

Ìdáhùn: Calculus àti differential equations kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, linear algebra náà. Statistics làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fojú tín-ín-rín, èmi ò sì mọ èyí tó wúlò jù ú lọ lọ́jọ́ tí nọ́ńbà bá kún ọwọ́ rẹ.

Ìbéèrè: Ṣé mi ò wá ní wo ojú ọ̀run rárá ni?

Ìdáhùn: Wàá wò ó. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ló máa wà níbi tí o rò pé ojú rẹ máa wà, nọ́ńbà lo sì máa gbé délé, tí wàá máa fi Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, tú. James Webb, awò awọ̀nàjíjìn tí wọ́n rán sí òfuurufú, wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.5 kìlómítà sí ayé. Kò sẹ́ni tó ń yọjú sínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwòrán tí o máa kọ́kọ́ yà jẹ́ èyí tí ìdérí ṣì wà lójú awò. Dúdú ló máa ń jẹ́, àmọ́ òun la fi ń mọ àmì èké tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀, ká lè yọ ọ́ kúrò lára àwòrán ìràwọ̀.