Ẹni Tó Ni Ilẹ̀ Kò Láṣẹ láti Da Oró Sínú Rẹ̀

Ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì, àwọn tó ń tún bátìrì ṣe àti àwọn onílẹ̀ tó fi àyè háyà fún wọn: pé ẹni tó bá ti fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀, tó sì ní rìsíìtì lọ́wọ́, kò sí ẹni tó lè bi í léèrè ohun tó dà sí i. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kí ó máa bójú tó o fún ànfààní gbogbo ará ìlú; ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ni C of O fún wa. Òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni èyí tó dá NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí i pé a pa òfin àyíká mọ́, sílẹ̀ lọ́dún 2007. Abala 27 rẹ̀ ka dída ohun olóró sórí ilẹ̀ tàbí sínú omi Nàìjíríà, ní ìwọ̀n tó lè ṣe ìpalára, léèwọ̀, àyàfi bí òfin bá fàyè gbà á. Kò yọ ilẹ̀ aládàáni sílẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì rò pé àgbàlá òun kò kan ìjọba, kí ó rántí Koko, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Lọ́dún 1988 ni àṣírí tú pé ọ̀pọ̀ àgbá ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó wá láti Ítálì wà ní àgbàlá ọkùnrin kan tó fi ibẹ̀ háyà. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ológun ti gbé òfin jáde tó fi ẹ̀wọ̀n gbére de ẹni tó bá da irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, tó sì sọ ilẹ̀ tí wọ́n dà á sí di ti ìjọba àpapọ̀. Rìsíìtì kò lè dá èyí dúró. Lóòótọ́, òfin náà kì í ṣe ti ife ọ́ìlì kan. Ohun tó lè pa ènìyàn tàbí ṣe é léṣe tí kò ní ìwòsàn ni ó dojú kọ.

Àwọn kan á ní ilẹ̀ máa ń gbé ẹ̀gbin mì. Òjé inú bátìrì kì í jẹrà. Ní Zamfara lọ́dún 2010, níbi tí òjé láti inú òkúta wúrà ti ba erùpẹ̀ àgbàlá jẹ́, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú, wọ́n sì ní láti há erùpẹ̀ ojú ilẹ̀ kúrò kí àwọn ọmọ tó kù tó lè gbé ibẹ̀ láìséwu. Orí àpáta ni Abẹ́òkúta wà, omi kànga wa sì ń ti inú erùpẹ̀ àti òkúta tó ti rà lórí àpáta náà jáde, nítorí náà ohun tí a dà sílẹ̀ ní àgbàlá kan lè yọ nínú kànga aládùúgbò.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ tí mẹkáníìkì ti lò rí, kí ó wádìí ohun tó ti wọ inú erùpẹ̀ náà, nítorí C of O kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.