Odò Róòmù tó kọ́ wa ní Odò Ọya

Odò tí mo kọ́kọ́ fi ọ̀dà elépo kùn kì í ṣe Ọya, bẹ́ẹ̀ etí Ọya ni mò ń gbé ní Lọ́kọ́ja. Odò ilẹ̀ Ítálì ni, nínú àwòrán Claude Lorrain, ayàwòrán òyìnbó àtijọ́ kan. Ọ̀gá mi lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kánfáàsì, ó fi rúlà pín in sí ojúlé kéékèèké, ó ní kí n pín tèmi bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí n máa gbé ohun tó wà nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan síbi tirẹ̀. Inú bí mi. Kí ló kan ọmọ Kàbà nínú odò tí òyìnbó tó ti kú láti ọdún 1682 yà? Mo wá ìdí iṣẹ́ náà lọ.

Ẹkùn Lorraine, tó wà ní ilẹ̀ Faransé lónìí, ni wọ́n ti bí Claude ní nǹkan bí ọdún 1600, àmọ́ Róòmù ló ti ṣiṣẹ́ jẹun. Ó máa ń jáde lọ sí ìgbèríko, ó máa ń wo bí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ṣe ń bà lé omi. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn kan ń ṣe ayédèrú iṣẹ́ rẹ̀ tà. Ní nǹkan bí ọdún 1635, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé kan tó ń ya àwọn iṣẹ́ rẹ̀ sí, kí ojúlówó lè dá yàtọ̀. Ìwé náà wà ní British Museum dòní. Ó dùn mí fún un. Ṣùgbọ́n àdàkọ olè yàtọ̀ sí àdàkọ ọmọṣẹ́; ojú ni ọmọṣẹ́ ń kọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí Louvre, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà, fún ará ìlú ní Paris ní 1793, wọ́n ya ọjọ́ sọ́tọ̀ kí àwọn ayàwòrán lè wá jókòó ti iṣẹ́ àwọn àgbà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Sir George Beaumont, olówó tó ń kó àwòrán jọ, fẹ́ràn àwòrán Claude kan débi pé ó ń gbé e rìnrìn àjò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ayàwòrán ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, John Constable, ti rí i, tó sì dà á kọ. Ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: bí Claude ṣe to igi àti omi ni Constable fi ya àfonífojì Dedham ní 1802, odò Stour tó ń ṣàn lágbègbè bàbá rẹ̀ ló sì ń kùn káàkiri lẹ́yìn náà. Ibí yìí ni inú mi ti rọ̀.

Nígbà yẹn, inú àpòòtọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń rọ ọ̀dà sí. Ọdún 1841 ni John Goffe Rand gbàwé àṣẹ fún tíúbù onípáànù tí a ń fún. Ọdún yẹn gan-an ni ọkọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé ìpàdé odò wa ní Lọ́kọ́ja, tí wọ́n dá oko sí ẹ̀bá Òkè Patti. William Allen, ọmọ ogun ojú omi, ti ya etí Ọya ṣáájú wọn ní 1832 sí 1833. Àwòrán rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1840. Àlejò yà á. Ó ń wù mí kí ọmọ onílé náà yà á.

Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, àwòrán inú ìwé ìròyìn òyìnbó lòun náà dà kọ nígbà èwe, kó tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1920.

Nígbà tí mo dé ojúlé àwọn òkè ọ̀ọ́kán, àwọ̀ ewé ni mo bù, torí mo mọ̀ pé igi ló wà lórí òkè. Ọ̀gá ò sọ̀rọ̀, ó ṣí fèrèsé. Ìgbà ọyẹ́ ni. Òkè Patti dúró lọ́hùn-ún, kò sí ewé kankan lára rẹ̀: àyìnrín ni, ó ṣì tún funfun lẹ́sẹ̀. Mo fi àkísà nu tèmi kúrò. Mo po funfun mọ́ aró àti àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀, mo fi tọpẹntáìnì là á kó fúyẹ́, torí ìpele ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ lépo ju tòkè lọ, kó má bàa sán. "Ọ̀kun o," ìkíni àwa ará Kàbà, ni Ọ̀gá wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà mí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo gbé kánfáàsì tuntun lọ sí ìpàdé odò, níbi tí omi Ọya àti ti Bẹ́núè jọ ń lọ, tí àwọ̀ wọn ò tíì pò. N kò pín in sí ojúlé. Òkè òdìkejì ni mo kọ́kọ́ kùn.