Ẹ Wo Ẹnu Páìpù Kí Ẹ Tó Ra Ilẹ̀ Etí Òkun

Àwọn tó ń wá ra ilẹ̀ létí òkun kì í béèrè ju nǹkan méjì lọ lọ́wọ́ èmi tí mò ń bá wọn wọn ilẹ̀: èló ni, ṣé àwọn á sì máa rí omi láti ojú fèrèsé? Èmi a ní kí wọ́n bọ́ bàtà, ká jọ rìn dé ibi tí páìpù hòtẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí ti ń tú sókun. Bí òkúta ibẹ̀ bá ti hu ewé omi, tó ń yọ̀ bọ̀rọ́, ilẹ̀ náà ti ń ṣàìsàn.

Ajílẹ̀ ni omi ìgbẹ́ jẹ́ fún ewé omi. Ewé yìí á gbilẹ̀, á bo iyùn abẹ́ òkun mọ́lẹ̀, iyùn ò ní rí oòrùn mọ́, á kú. (Iyùn ọrùn kọ́ ni mò ń sọ o, iyùn alààyè ni, ẹ̀dá kékeré tó ń kọ́lé bí òkúta.) Òkìtì iyùn yìí ló ń gba agbára lọ́wọ́ ìgbì: bí agbára ìgbì bá jẹ́ 100, nǹkan bí 97 ló ń tán síbẹ̀ kó tó kan iyanrìn. Ọjọ́ tí òkìtì náà bá wó, iyanrìn tí àlejò ń tẹ́ ẹní lé ló kọ́kọ́ ń lọ. Ilẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Mo ti rí òpó ààlà tó dúró sínú omi, tí ìṣáwùrú lẹ̀ mọ́ ọn yí ká, tí ìwé ilẹ̀ ọ̀hún sì pé pérépéré lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Igbó ẹ̀gbà, àwọn igi tó ń na gbòǹgbò bí ẹsẹ̀ alákàn sínú irà oníyọ̀, ni àwọn kọ́lékọ́lé máa ń kọ́kọ́ gé, tí wọ́n á fi iyanrìn dí i, bí ẹni pé ilẹ̀ òfo ni. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí. Ibẹ̀ náà ni ẹrẹ̀ tí òjò wọ́ bọ̀ ti ń rọlẹ̀. Ẹ gé e tán, omi tó mọ́ gaara tí àlejò tìtorí ẹ̀ wá á di ẹrẹ̀.

Ní erékùṣù Boracay, ní Fìlípíìnì, ọ̀rọ̀ náà débi pé ìjọba ti ibẹ̀ pa mọ́ àlejò fún oṣù 6 lọ́dún 2018, nítorí omi ìgbẹ́ tí wọ́n ń dà sókun láìsẹ́ ẹ. Ẹni tó ti ṣe páìpù tirẹ̀ bó ṣe yẹ náà tilẹ̀kùn bíi ti ẹni tí kò ṣe é. Ìyẹn ló dùn mí jù níbẹ̀.

Tèmi ni pé kí ẹ kọ́lé sẹ́yìn, kí ẹ fi ẹ̀gbà sílẹ̀ níwájú, kódà bó bá dí yín lójú díẹ̀. Bí ẹni tó ń ta ilẹ̀ bá sì ní omi òjò nìkan ni páìpù yẹn ń gbé, ẹ padà lọ lẹ́yìn tí òjò bá ti dá fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wo ohun tó ń jáde.